Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ààrẹ

Bí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ gbogbo àwọn tó ti ṣe olórí ìjọba lórílẹ̀-èdè yìí, ẹ ó gbójú sókè, ẹ ó máa ka ìka. Ọ̀gá Férémù kì í ka ìka ní tirẹ̀. Ìwọ̀n ni yóò fi dá yín lóhùn. "Ẹni àkọ́kọ́ ga, díẹ̀ ló kù kí fìlà rẹ̀ kan igi. Èkejì fẹ̀ léjìká, a gé e lápá kó tó wọlé. Ẹ̀kẹta kéré sí gíláàsì, páálí la fi yí i ká." Bí bàbá náà ṣe mọ ìtàn nìyẹn, kò sì sí ìwé tó kọ́ ọ. Òun ló kan férémù fún gbogbo wọn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ àsíá àtijọ́ kalẹ̀ tí wọ́n fa tuntun sókè, nígbà tí òun gan-an ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí òòlù ń rí ìka rẹ̀ ju ìṣó lọ.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ará ìta kò mọ̀. Tí ìjọba bá yí, ìgbìmọ̀ ìlú kì í ra férémù tuntun. Wọ́n á kó ti àtijọ́ wá, wọ́n á ní kí Ọ̀gá yọ ẹni àná kúrò, kó fi ẹni òní sí i. Ọ̀gá kì í yọ ẹni àná. Kí ló fẹ́ yọ ọ́ sí? Àwòrán ẹni àná ki, ó le dáadáa, ohun tó sì yẹ kó wà lẹ́yìn àwòrán tuntun kó má baà ká kò nìyẹn. Ẹni òní á bọ́ síwájú, ẹni àná á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìjẹta á wà lẹ́yìn àná. Àwọn tó jẹ́ pé ìbọn ni ọ̀kan fi lé èkejì jáde, wọ́n wá wà nínú férémù kan náà, àyà ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọn ò sì bára wọn jà. Akọ̀wé ọ́fíìsì á máa kí ààrẹ kan lárààárọ̀, kò mọ̀ pé mẹ́ta ni òun ń kí.

Nísinsìnyí Ọ̀gá ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò ìgbéyàwó àti fọ́tò àwọn tó gboyè ló ń kan férémù fún. Ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, torí pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Títí di òní, àgbàlagbà tó ní mọ́tò àti ikùn ńlá á máa ju sìgá nù tó bá rí i lókèèrè. Ṣùgbọ́n ojú Tíṣà ń lọ. Ti ọ̀tún ti kú pátápátá, ti òsì ń tẹ̀ lé e. Dókítà ojú ti sọ̀rọ̀ náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ohun tí màmá bá fẹ́ rí, kí wọ́n rí i kí ọdún yìí tó parí.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí," Tíṣà sọ fún dókítà. "Àwọn ṣọ́jà sì ti jí i."

Ọ̀gá Férémù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wo ilẹ̀. Ó ti ń wo ilẹ̀ fún ogójì ọdún tí wọ́n bá ti débi ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bẹ nílẹ̀ fún yín, torí bàbá náà kò ní í tètè sọ ọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn ni. Tíṣà jókòó, Ọ̀gá dúró tì í nínú kóòtù tó tọrọ, apá kóòtù náà kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni bàbá Tíṣà wà. Bàbá yìí ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní í débi tí ọmọ òun tó kàwé yóò ti fẹ́ ẹni tó ń fi ìṣó sẹ́nu jẹun. Nígbà tí onífọ́tò ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, tó ń ka ení, èjì, ni wọ́n rí i tó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ dúró sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ta, iná fọ́tò bù yẹ̀ẹ̀. Ọdún kejì, ogun dé. Bàbá náà lọ wo àbúrò rẹ̀ obìnrin lókèèrè, wọ́n ti ọ̀nà, kò padà wá mọ́. Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò náà jóná tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ojú bàbá Tíṣà ní gbogbo ayé, orí páálí kan ṣoṣo yẹn ló kù sí, ó sì wà lára ògiri pálọ̀ wọn.

Ogun parí. Ìjọba yí, ó tún yí. Ní ọjọ́ tó yí lẹ́ẹ̀kejì yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ṣọ́jà já férémù méjìlélógójì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, pẹ̀lú ìdì àwòrán olórí tuntun. Wọ́n ní gbogbo ọ́fíìsì ìlú gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti fúnra wọn ya àwọn olórí àtijọ́ jáde kúrò nínú férémù, wọ́n ti dáná sun wọ́n. Kò sí ẹni àná tí yóò ti ẹni òní lẹ́yìn. Ọ̀gá mú àwòrán tuntun, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó rí ìka ara rẹ̀ lódìkejì. Wọ́n fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́, bébà náà tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà.

Ọ̀gá sì ní òfin kan tó fi ń díwọ̀n ìjọba. Páálí tó bá ki, ìjọba á pẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ki, ọdún mẹ́fà ló lò. Èkejì ki díẹ̀, ó lo ọdún méjì. Ẹni tí bébà rẹ̀ wá rí báyìí, kí ló fẹ́ lò? "Ọ̀sẹ̀ méjì," Ọ̀gá sọ sínú ara rẹ̀, ó sì dá a lójú ju bí ọjọ́ Ajé ṣe ń tẹ̀ lé ọjọ́ Àìkú lọ. Ó wá páálí bàtà, ó wá kàlẹ́ńdà, ó já ẹ̀yìn ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé Tíṣà, ó fi ti ọkùnrin náà lẹ́yìn ní ọ́fíìsì mọ́kànlélógójì. Ìṣó tán, ó sáré lọ tọrọ ìṣó bàtà lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bàtà. Férémù kan ló wá kù, ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Páálí ti tán. Ṣọ́jà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Fọ́tò ìgbéyàwó sì wà lórí tábìlì, torí gíláàsì rẹ̀ ti sán, Ọ̀gá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù láti pààrọ̀ rẹ̀. Páálí rẹ̀ le, ó tọ́, ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu bíi pé wọ́n gé e fún un.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré," ni Ọ̀gá wí, ló bá tì í bọ ẹ̀yìn àwòrán náà.

Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin náà fi ṣèjọba.

Nígbà tí Tíṣà dé láti ilé-ìwé, tó bi í pé fọ́tò àwọn ńkọ́, ẹnu Ọ̀gá ṣáájú orí rẹ̀. Ó ní, "Àwọn ṣọ́jà kó o lọ." Ó tún wá ń tu ara rẹ̀ nínú pé irọ́ kọ́. Ṣebí àwọn ṣọ́jà ló gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́? Ẹ wo àgbàlagbà! Ó fẹ́ tú u lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni onígbàjámọ̀ kan sọ àwòrán olórí kalẹ̀ láti pa aáyán tó sá sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀gá pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, nígbà tí ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó sáré dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó bá a pé wọ́n ti kó lọ sí ilé tuntun, férémù wọn ti fọ́n ká, ọ̀kan sí ilé ìwòsàn, òmíràn sí ilé ẹjọ́, káfíńtà ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi olórí tuntun síwájú láti ìgbà náà. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó tú u. Kò rí i.

Irọ́ kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí a bá fi í sí. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo dàgbà, ó mú ọkọ wálé, ọkọ náà sì jẹ́ ṣọ́jà. Ṣọ́jà wo náà ni? Ẹgbẹ́ olórin àwọn ológun ló wà, fèrè ló ń fọn. Kò yìnbọn rí àfi nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ọjọ́ náà sì ni orí fọ́ ọ jù láyé rẹ̀. Tíṣà kò gbọ́. "Ẹni tó jí bàbá mi kọ́ ni yóò tún wá kó ọmọ mi." Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n yíyọ̀ǹda ọ̀tọ̀, ìfẹ́ ọ̀tọ̀. Ọdún méjìdínlógún nìyí, Onífèrè ń tún òrùlé wọn ṣe, òun ló ń fi alùpùpù gbé Tíṣà lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Orúkọ kan ṣoṣo tí Tíṣà ń pè é ni "Ṣọ́jà". Orí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí tó bá wá. Tíṣà á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú fèrèsé, bí ẹni ń bá ẹni tó wá ka mítà iná sọ̀rọ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ìjọba tuntun ti dé, ìjọba àwọn ọ̀dọ́, wọ́n láwọn fẹ́ gbá gbogbo nǹkan mọ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀: láti ìsinsìnyí lọ, inú tẹlifíṣọ̀n ni àwòrán ààrẹ yóò máa wà ní gbogbo ọ́fíìsì. Wọ́n ti kó gbogbo férémù àtijọ́ jọ sí àgbàlá ìgbìmọ̀ ìlú, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò dáná sun wọ́n.

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Férémù, wọ́n mà ti lé yín lẹ́nu iṣẹ́ o! Ẹ ti fẹ̀yìn tì tán, wọ́n tún wá lé yín."

Ó gbọ́ tí kọ́ọ̀bù tíì bọ́ sílẹ̀, tó yí gbiri gbiri lọ sábẹ́ tábìlì.

"Kí ló dé?"

"Ọwọ́ mi ló yọ̀," ni Ọ̀gá wí. Ọwọ́ rẹ̀ kò yọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló já lu ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Onífèrè gbé oògùn ojú wá lọ́sàn-án, Ọ̀gá fà á lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò dá ẹnu dúró, torí ó mọ̀ pé tí òun bá dúró, òun ò ní í lè tẹ̀ síwájú mọ́. Onífèrè gbọ́ ọ tán. Ó wo aṣọ orí okùn.

"Bàbá," ó ní, "ọdún méjìdínlógún."

"Mo mọ̀."

"Bẹ́ǹṣì yẹn ò ní ibi tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì o, Bàbá."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo kàn án."

Onífèrè fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò yọrí. "Ó dùn mí, mi ò ní í purọ́ fún yín. Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, Màmá gbé e mọ́ra, wọ́n ní, 'Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jọ ṣọ́jà.' Mo wà níbẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo wá jáde lọ nu alùpùpù tí kò dọ̀tí."

Ojú ti Ọ̀gá débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tí kò tíì gbẹ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wá bàbá wọn," ni Onífèrè wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n tí a bá rí i, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún Màmá. Èmi ò ní í bá yín sọ ọ́."

"Tí a ò bá wá rí i ńkọ́?"

"Ẹ máa sọ ọ́ náà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Férémù ṣe gun ẹ̀yìn alùpùpù láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àpò irinṣẹ́ lórí itan. Férémù kún àgbàlá ìgbìmọ̀ ìlú títí dé ojú fèrèsé. Obìnrin kan jókòó síwájú òkìtì náà nídìí tábìlì kékeré, ó ki bírò bọ irun, ìwé ńlá wà níwájú rẹ̀. Òun ni Ọ̀gá Sítọ̀. Gbogbo ohun tó bá wọlé tàbí tó bá jáde ní ìgbìmọ̀, ojú rẹ̀ ló ń gbà kọjá, ojú náà kò sì fẹ̀.

"Ẹ ní lẹ́tà?" ló bi wọ́n.

"Lẹ́tà kí ni, Màmá?" Onífèrè ló dáhùn.

"Lẹ́tà tó ní kí ẹ tú ohun ìjọba."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ sun ún lọ́jọ́ Ẹtì ni?"

"A ó sun ún. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé kó tó jó. Igba ó lé mẹ́tàdínlógún la kọ sílẹ̀, igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni iná gbọ́dọ̀ jẹ. Tó bá dín ẹyọ kan, èmi ni wọ́n á bi."

Ọ̀gá sún mọ́ tábìlì. Ó sọ fún un pé fọ́tò ìgbéyàwó òun ló wà nínú ọ̀kan, pé ojú ìyàwó òun ń lọ. Ọ̀gá Sítọ̀ wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo òòlù ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ bírò nínú irun, ó tún fi í padà. Ó ní kí wọ́n tú u, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá tú, kí wọ́n kàn án padà bí wọ́n ṣe bá a.

Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá fi ń tún férémù tí wọ́n fẹ́ sun kàn. Onífèrè á gbé e wá, Ọ̀gá á yọ ìṣó, á ṣí àwọn olórí wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ìwé, á tún tò wọ́n padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwẹ́ páálí ti igun tó bá mì, ó ń fi ojú kan wo bóyá ó tọ́.

"Bàbá, iná ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ sí o."

"Iná náà lójú," Ọ̀gá dáhùn.

Inú rẹ̀ kò dùn ṣá, bó tilẹ̀ ń ṣe àwàdà. Ẹni àkọ́kọ́ yìí, tó yè nínú férémù abúlé tí ọwọ́ àwọn ṣọ́jà kò tó, ìgbà tirẹ̀ ni òun gba òmìnira iṣẹ́. Èyí tí wọ́n gé lápá, ìgbà tirẹ̀ ni Tíṣà kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀, ó wá ra férémù fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó ní igun rẹ̀ kò tọ́, òótọ́ sì ni. Gbogbo àwọn ènìyàn ńlá yìí, ohun tí òun rántí nípa wọn kò ju ohun tí obìnrin kan sọ lọ́jọ́ kan nígbà tiwọn. Bí òun bá pàdánù ohun kan ṣoṣo tó bèèrè lọ́wọ́ òun, kí ni òun wá fi gbogbo òòlù yìí ṣe?

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni Onífèrè gbé ọ̀kan wá tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn. Ọ̀gá fi èékánná họ ọ̀dà náà. Orí ìṣó tó rí lábẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ó pẹlẹbẹ. Ìṣó bàtà ni.

Ó kọ́kọ́ jókòó ná. Onífèrè ló bá a yọ ìṣó. Wọ́n ṣí ààrẹ kan, wọ́n ṣí èkejì, wọ́n ṣí ẹ̀kẹta, wọ́n bá bébà tín-ín-rín, wọ́n bá páálí tó le lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti jò lọ́dún wo la mọ̀, omi ti wọ inú férémù, bébà àti fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀gá mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun. Ó ń bọ́. Gèlè ìyàwó yọ. Kóòtù tí wọ́n tọrọ yọ. Èjìká bàbá yọ. Ó kù díẹ̀ báyìí, ó kù díẹ̀ báyìí, ni ohun kan bá ṣe ràá.

Nígbà tó wo páálí, Tíṣà ń bẹ níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, òun alára ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ọkùnrin kan dúró nínú aṣọ tó dára, kò lójú. Funfun gbòò ni.

"Yéè! Mo gbé!" Ọ̀gá Férémù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ààrẹ. "Mo fi pamọ́ ogójì ọdún, mo tún wá fi ọwọ́ ara mi bó o." Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

Onífèrè ló mú bébà tín-ín-rín náà nílẹ̀. Ó yí i padà. Ojú bàbá náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn digbí, ìpéǹpéjú, irùngbọ̀n, gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ̀yìn olórí ọlọ́dún mọ́kànlá ló ṣí lọ. Tí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó máa rí olórí náà fírífírí lódìkejì, ó ń yọjú.

Ọ̀gá Sítọ̀ ti dé. "Fọ́tò yín, ẹ mú un lọ," ó ní. "Ààrẹ, ẹ fi í sílẹ̀."

Onífèrè na bébà náà sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ lókè. "Màmá, ẹ wò ó. Ṣé ẹ mọ ààrẹ yìí?"

Obìnrin náà wò ó, ó súnmọ́ ọn. "Ta nìyí?"

"Bàbá ìyá ìyàwó mi ni."

"Ó ṣèjọba rí?"

"Rárá o. Ó kàn jọ ẹni tó lè ṣe é ni."

Ọ̀gá Sítọ̀ ṣí ìwé rẹ̀, ó tọ́ka sí òkè, ó tọ́ka sísàlẹ̀. Ó wo bàbá arúgbó tó jókòó sílẹ̀. Ó pa ìwé dé. "Férémù ni wọ́n ní kí n kà, wọn ò ní kí n ka ènìyàn," ó ní. "Ẹ kan ìyókù padà kí ẹ máa lọ."

Òòrùn ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n délé. Ọ̀gá gba ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó ki bébà náà sínú férémù kékeré lábẹ́ gíláàsì mímọ́, ojú bàbá níta, olórí kọjú sí páálí. Onífèrè jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣọ́jà," Tíṣà ké láti pálọ̀, "ẹ ti ń gbé ọkọ mi lọ láti àná. Ṣé ẹ ti gbà á síṣẹ́ ológun ni? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba o."

Ọ̀gá wọlé, ó dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. "Tíṣà, ṣọ́jà kọ́ ló jí fọ́tò wa. Èmi ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi ọ̀sẹ̀ méjì gbèjà ara rẹ̀, ó kàn sọ pé òun rò bẹ́ẹ̀ ni.

Ohùn Tíṣà lọ sílẹ̀. "Mo lọ sí bárékè. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní bàbá mi. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ò kó arúgbó pamọ́ síbẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo sunkún. Ẹ sì pọn omi fún mi kí n fi bọ́jú."

"Mo pọn ọ́n," Ọ̀gá wí.

"Ẹ pọn omi fún mi," Tíṣà tún wí. Kò pariwo, kò bú u, ìyẹn ló burú jù. "Ibo ló wà?"

Ó gbà á, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó fi ojú òsì súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì. Ó wò ó. Ó wò ó títí mọ́tò méjì fi kọjá lójú títì.

"Àmì tàdáwà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì bàbá mi ti lọ sí ọ̀tún."

"Ẹ̀yìn la ti ń wò ó. Bí ẹni ń wo dígí ló ṣe rí."

"Hẹn-ẹn." Ó tún wò ó. "A jẹ́ pé ojú tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ nìyí, tó bá ń fá irùngbọ̀n." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú tó ríran àti lójú tí kò ríran bákan náà. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè. "Níbo ni Ṣọ́jà wà?"

Onífèrè dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wọlé, ó dúró jìnnà bó ṣe máa ń dúró.

"Súnmọ́ ibí. Súnmọ́ ọn dáadáa." Tíṣà na ọwọ́, ó wá ojú rẹ̀ kàn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ọdún méjìdínlógún tí o ti ń wọlé mi. Ìgbà tí ojú mi mọ́ kedere, mi ò wò ọ́. Mo máa ń wo bàtà rẹ. Nísinsìnyí tí mo fẹ́ wò ọ́, òjìji lásán ni mò ń rí." Ó pa ojú méjèèjì dé. "Má bínú, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mi ò bínú mọ́, Màmá," ni Onífèrè wí. "Ó dùn mí tẹ́lẹ̀ ṣá o."

"Ó yẹ kó dùn ọ́," Tíṣà wí.

Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dáná sun férémù. Wọ́n ní ó pẹ́ kó tó jó, torí gbogbo igun ló dì mọ́ra. Tíṣà kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àfi kó rán Onífèrè sí i. "Ọmọ mi, bá mi sọ fún ọkùnrin tó ń kan igi níwájú ilé pé oúnjẹ ti délẹ̀." Ọ̀gá á wá, á jẹun, á fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Tíṣà bú u tààrà, inú Ọ̀gá dùn débi pé ó tún fọ abọ́ àwọn aládùúgbò.

Kí ọdún tó parí, ojú òsì náà lọ, bí dókítà ṣe wí. Àràárọ̀ ni Tíṣà ṣì máa ń gbé férémù kékeré náà lọ sójú fèrèsé, á gbé e sókè, á dúró. Onífèrè ló ń pè tó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀.

"Ọmọ mi, wá bá mi wò ó. Báwo ló ṣe rí lónìí?"

Onífèrè kò mọ ọkùnrin náà rí. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú bàbá náà, ojú náà wò ó padà.

"Màmá, wọ́n ń wò mí bíi pé mo pẹ́ dé."

"Bàbá mi nìyẹn," Tíṣà wí, ó fi ọwọ́ wá apá rẹ̀, ó dì í mú. "Máa wò wọ́n lọ."